Ọ̀nà Tí Ohùn Gbà Nílé Ìtùnú

Ilé tí wọ́n dìídì kọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà jáde, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti jáde, ọ̀rọ̀ náà sì ti gbé ọmọ lọ.

Fadékẹ́mi jókòó nínú yàrá ìsọ̀rọ̀ Ilé Ìtùnú ní Bódìjà, ó di agolo búlúù kékeré kan mú bí ẹni di owó ọkọ̀ mú. Inhélà ọmọ rẹ̀ ni. Tiwátọ́pẹ́ lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ikọ́ fée ní í bá a jà. Bí àyà rẹ̀ bá ti dì, agolo yẹn nìkan ní í tú u. Lánàá, Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, obìnrin kan wá mú un nílé Àdùnní aránṣọ ní Ojoo, níbi tí ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ sí. Agolo kò bá a lọ. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí. Ní báyìí, aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ti kọjá.

"Màmá, ó ti di ogún wákàtí," ni Fadékẹ́mi wí. "Kì í lo ọjọ́ méjì kí àyà rẹ̀ má dì."

Àbẹ̀ḿbí tó ń bá sọ̀rọ̀ ń fi ìka kan ògiri, kó, kó, kó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá n'Íbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ṣì ń sáré pè é bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Ìyá kúkúrú rọ̀bọ̀tọ̀ ni. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á máa kọrin lábẹ́lẹ̀:

Ta ló mọ̀ ọ́n o?
Ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n.
Etí mélòó ló gbọ́ ọ o?
Ẹ jẹ́ n kà á wò.

"Màmá, ẹ ti fi orin parí ẹjọ́," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ Láyí wí. Òun ló lọ gbé màmá wá. "Ẹni méjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá ọmọ sọ ibi tó fi ọmọ pamọ́ sí, nínú yàrá yìí. Díákónì Luke nìkan ló gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ọmọ pòórá. Díákónì ti wà látìmọ́lé, bó bá sì di ọ̀sán yìí, iwájú adájọ́ ló ń lọ."

"Bàbá ọmọ ńkọ́?"

"Simon? Òun la kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó ń sá fún. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló wà l'Ólúyọ̀lé lánàá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ogójì èèyàn ló rí i. A tú ilé rẹ̀, a tú ilé ìyá rẹ̀, a ò rí ọmọ. Nígbà tá a ní ọmọ sọnù, ńṣe ló bú sẹ́kún."

"Ẹkún ẹni tó ń lu ìyàwó kò lè jẹ́ ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ogójì èèyàn lè jẹ́ ẹ̀rí. Mú Díákónì wá."

Wọ́n mú un wá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ṣe olùgbọ́ ẹ̀dùn ọkàn nílé yìí. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, inú ikùn ló ti ń wá, wàá rò pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń kùn.

"Díákónì, ta lẹ sọ ọ́ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan, Ìyá."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi níbí, mímì ni mo ń gbé e mì."

"Nígbà tí Fadékẹ́mi sọ tirẹ̀ tán, èsì wo lẹ fún un?"

"Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ wà níbẹ̀. Mo ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi á fi ọkọ̀ wá gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi l'Ónírèké."

Láyí rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹ ò wá lè dúró di ọjọ́ Ẹtì."

"Ọmọ mi," ni Díákónì wí, "ọmọ tí wọ́n ti gbà kí n wá mú lọ́la, kí ni n ó sáré jí i fún?"

Àbẹ̀ḿbí dákẹ́ orin. Ó ní kí wọ́n pe Àdùnní aránṣọ lórí fóònù, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo yàrá gbọ́.

"Àdùnní, ọmọ dáadáa, sọ ohun tí obìnrin náà sọ. Má ṣe fi iyọ̀ sí i."

"Ẹ̀, mo gbé o, Màmá! Sùtánà funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà. Nínú oòrùn ganrínganrín, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà! Ó ní, 'Ìwọ ni Àdùnní aránṣọ? Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ rẹ, Tiwátọ́pẹ́. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ọwọ́ ibi ń wá a kiri. Mo wá gbé e kúrò níbí.'"

"Ó dárúkọ Díákónì?"

"Rárá."

"Ó dárúkọ Onírèké?"

"Rárá o."

"Ìwọ náà ò wá bi í pé ta ló rán an?"

"Àgbàlagbà ni, Màmá! Ó ju ìyá mi lọ. Ó mọ orúkọ mi, ó mọ orúkọ ọmọ. Ṣé kí n wá dá ìyá arúgbó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa bi í léèrè bí ẹni pé èmi ni ọlọ́pàá?"

"Ó dáa, má sunkún. Oògùn àṣejù ọ̀wọ̀ là ń wá yìí."

Àbẹ̀ḿbí dá fóònù padà fún Láyí. Ojú rẹ̀ ti ń tàn.

"Ẹ gbọ́ mi. Gbogbo ohun tí obìnrin aláṣọ funfun yẹn sọ, ẹnu Fadékẹ́mi ló ti jáde. Orúkọ ọmọ, orúkọ aránṣọ, ọwọ́ ibi. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Díákónì kan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Díákónì ló rán an ni, ìbá mọ ọjọ́ Ẹtì, ìbá mọ Onírèké. Ẹnì kan gbọ́ ìdajì ìjíròrò yìí. Ohùn obìnrin dé etí rẹ̀, tọkùnrin ò dé ibẹ̀."

"Màmá, bí òrùlé bá ń jò, ṣé ó ń ṣa orí ẹni tí yóò jò sí ni?"

"Ìyẹn ló ń yún mi nínú."

"Èmi á kúkú kó gbogbo aláṣọ funfun tó wà ní Ojoo."

"Wá tírélà mẹ́ta ná, kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kí o sì sọ fún ọmọ tó wà níbẹ̀ pé kó máa mí títí wàá fi kà wọ́n tán."

Láyí fi fóònù sápò.

Yàrá ìsọ̀rọ̀ yẹn kò ní fèrèsé sí ìta. Kọnkéré ni ògiri rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn. Ooru ìbá ti pa àwọn tó ń wá sunkún níbẹ̀, nítorí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí láti fi yí fáànù, ṣùgbọ́n ihò ńlá kan wà lára ògiri ẹ̀yìn tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé. Ihò náà já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tó kún fún igi, tó yí ẹ̀yìn pẹpẹ ká nínú gbọ̀ngán, tó ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó já sí ẹ̀yìnkùlé. Olùkọ́ yunifásítì kan, Dókítà Olúwaníyì, ló ṣe é. Atẹ́gùn á wọlé, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Ohun tó ṣèlérí nìyẹn.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó bí ẹ ti jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ẹ sọ ohun tí ẹ sọ. Láyí, dúró tì wọ́n. Mò ń bọ̀."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó fi etí lé e: kò sí nǹkan. Ó wọ gbọ̀ngán, ó dúró níwájú pẹpẹ kékeré níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà ní Ọjọ́rú: kò sí nǹkan. Ó yí ilé ká dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi nìyí, ẹ̀rọ omi nìyí, ìgbálẹ̀ àti garawa nìyí, àti àpótí ìjókòó kékeré kan. Ó jókòó sórí àpótí náà kí ó fi sinmi.

Irun orí rẹ̀ dìde.

"…Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi… ó wà ní Ojoo… nílé Àdùnní aránṣọ…"

Ohùn náà tínrín, kò ní àyà, kò ní ara, bí ẹni pé inú etí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. "…ọwọ́ ibi ń wá a kiri… ta ni yóò bá mi gbé e kúrò níbẹ̀…" Lẹ́yìn náà ni ìkùn kan wá, hùùù, bí ọ̀wọ́ oyin lókèèrè. Díákónì ń fèsì nìyẹn. Kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú nínú rẹ̀.

Àbẹ̀ḿbí gbéra nílẹ̀, ó rìn sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ohùn pa rẹ́. Ó padà jókòó. Ohùn tún dé.

"Ẹ pe Dókítà yẹn fún mi!"

Inú ọgbà yunifásítì ni Olúwaníyì ti wá, kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sórí imú.

"Dókítà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi yín ń ṣòfófó."

"Kò lè ṣòfófó, Màmá. Mo fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n kí n tó gbé e sílẹ̀."

"Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn."

Ó jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fò dìde, tó sáré wọ gbọ̀ngán, tó fa pákó tó bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kúrò. Igi ló kún inú rẹ̀, láti ilẹ̀ kan àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ọrùn ọwọ́, onígun mẹ́ta, ó sì dúró lórí irin kékeré tó ṣe é yí. Gbogbo wọn ti tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Olúwaníyì di orí mú.

"Ta ló yí wọn? Ṣóńṣó gbogbo wọn ló yẹ kó kọjú sí pẹpẹ! Ẹ wo ìdajì yìí, wọ́n ti kẹ̀yìn!"

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé fún ìyá yín."

Ó nu awò rẹ̀. "Bí gbogbo igi bá kọjú síbì kan náà, ohùn á wọ àárín wọn, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á pa ara rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá kẹ̀yìn, bákan náà ni. Ipò méjèèjì, àfonífojì là ń pè wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wa, àfonífojì ọ̀tún àti tòsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá to ọ̀tún ti òsì, Màmá, ààlà wọn di ojú ọ̀nà. Ohùn ò ráyè wọ ọ̀tún, kò ráyè wọ òsì, ààlà yẹn nìkan ló kù tí yóò tọ̀. Bí ààlà bá ṣẹ́ kọ́rọ́, ohùn á bá a ṣẹ́ kọ́rọ́. Kì í padà sẹ́yìn."

"Bí omi Ògùnpa láàárín òkè méjì."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ohùn tínrín lọ̀nà náà ń gbé. Ohùn tó nípọn ju agbára igi mi lọ, ńṣe ló máa ń kùn kọjá ṣáá. Mi ò kà á sí, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀."

"Ìdí tí ti Díákónì ò fi dé ọ̀hún nìyẹn." Àbẹ̀ḿbí mi orí. Ó tún ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Láyí ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kejì. "Dókítà, ẹ máa bọ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n yí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

"Jókòó, jàre," ni Àbẹ̀ḿbí wí. Òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú ibi tí pákó ti ṣí, ó na apá wọ àárín àwọn igi. Orí ìka rẹ̀ kan igi ìkẹyìn nínú àwọn tí wọ́n yí, ó sì dúró síbẹ̀. Kò lè kọjá ibẹ̀. "Ẹ rí i? Ibi tí apá obìnrin gùn dé ni ààlà yín wà. Bó bá jẹ́ Dókítà ni, á fi okùn wọ̀n ọ́n, ààlà rẹ̀ á tọ́. Eléyìí ń wọ́ bí ipa ìgbín. Láyí, fi ọwọ́ kan èyí tí wọ́n yí. Kí ló wà lára rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Fi kan èyí tí wọn ò yí."

"Eruku."

"Ta ló rí olè tó ń nu eruku rí? Ẹni tó yí igi yìí, nínù ló ń nù ún. Ó kúnlẹ̀ bí mo ti kúnlẹ̀ yìí. Kí ló wà lẹ́yìn mi?"

"Pẹpẹ," ni Díákónì wí.

"Kí ló sì wà níwájú mi? Igba igi tó na ẹnu ṣóńṣó sí pẹpẹ Olúwa, bí ẹni na ọ̀kọ̀. Ẹ̀yin ò rí i?"

"Àwa Onítẹ̀bọmi ò ka ìyẹn sí, Ìyá."

"Mo mọ̀. Ẹni tó kà á sí ló yí ṣóńṣó wọn kúrò. Ta wá ni ń nu ilé fún yín tí kì í ṣe Onítẹ̀bọmi?"

Díákónì ló dáhùn. "Ìyá Peculiar. Ìjọ aláṣọ funfun kan l'Ágbowó ló ń lọ. Kì í wọ bàtà súnmọ́ pẹpẹ wa rí. Kò wá síbi iṣẹ́ láti àná. Ó ránṣẹ́ pé òun wọlé àdúrà ọjọ́ mẹ́ta."

"Orí àpótí yẹn ló máa ń sinmi," ni Àbẹ̀ḿbí wí jẹ́jẹ́. "Ohùn tí kò ní ara wá bá a níbẹ̀, ó ní kí ó wá gba ọmọ lọ́wọ́ ibi. Kí lẹ rò pé ìyá arúgbó aládùúrà máa pe irú ohùn bẹ́ẹ̀?"

Fadékẹ́mi ti dìde. "Ilé àdúrà. Màmá, tùràrí! Èéfín ni kì í gbà lára!"

"Láyí, tú ọwọ́ Díákónì. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dà?"

Bódìjà sí Agbowó kò jìnnà, ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yẹn ọkọ̀ ti dí pa lẹ́nu géètì yunifásítì. Láyí tẹ fèrè ọlọ́pàá, ó gba ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá, ọlọ́kadà kan ń ṣépè. Fadékẹ́mi ń gbọn agolo náà, ó ń gbọn ọ́n, bí ẹni pé ọmọ ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí fẹ́ kọrin, orin kò wá.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà náà ni òórùn tùràrí ti pàdé wọn. Wọ́n sáré gun àtẹ̀gùn. Yàrá kékeré ni, fèrèsé wà ní títì, àbẹ́là méje ń jó, èéfín funfun rọ̀ sókè bí aṣọ. Ìyá arúgbó kan wà lórí eékún rẹ̀. Níwájú rẹ̀, lórí ẹní, ọmọ kan jókòó, ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà nílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀, èémí rẹ̀ ń fọn bí fèrè tó ń kú lọ.

Àbẹ̀ḿbí gbé àwo tùràrí, ó jù ú síta. Láyí fi ìgunpá gbá fèrèsé ṣí. Fadékẹ́mi ti wà nílẹ̀.

"Tiwá, lanu. Fà á, ọmọ mi. Fà á sínú. Dì í mú. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta…"

Wọ́n bá a kà á, gbogbo wọn, àti Láyí, àti ìyá arúgbó náà. Wọ́n kà á dé mẹ́wàá. Fadékẹ́mi tún tẹ agolo. Wọ́n tún kà á. Nígbà kẹta, ìfọn náà rọlẹ̀ díẹ̀. Èjìká ọmọ náà sọ̀, kò sì yára gòkè mọ́. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ebi ń pa mí."

Àbẹ̀ḿbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò ìrẹsì.

"Láti òru ni mo ti ń gbàdúrà kí àyà rẹ̀ tú," ni Ìyá Peculiar wí. Omijé ti wẹ ojú rẹ̀. "Mo rò pé ọwọ́ ibi yẹn ló tún dé. Mo fi tùràrí kún un. Mo tún fi kún un."

"Ìyá, ta ló ní kí ẹ lọ mú un?"

"Ohùn ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n gbọ́ ọ, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń kùn bí ìyẹ́ apá. Ó dárúkọ ọmọ. Ó dárúkọ ilé. Ó ní ta ni yóò gbé e. Mo ní, èmi nìyí."

Àbẹ̀ḿbí sọ gbogbo rẹ̀ fún un: igi tó yí nítorí pẹpẹ, ọ̀nà tó là láìmọ̀, ẹkún tó gba ibẹ̀ jáde. Kò sáré, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá arúgbó náà gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Fadékẹ́mi.

"Ìwọ lò ń sunkún?"

"Èmi ni, Mà."

Ó mi orí. "Èèyàn ló ń sunkún kí wọ́n gba ọmọ òun, tí mo gbọ́. Ṣé kí n máa gbálẹ̀ mi lọ ni?"

"Ẹ̀ bá béèrè, Ìyá," ni Àbẹ̀ḿbí wí. "Ẹ̀ bá kàn béèrè."

"Mi ò mọ̀ pé a lè bi í ní ìbéèrè."

Láyí gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Màmá, òfin ńkọ́? Kí ni kí n kọ sílẹ̀?"

Àbẹ̀ḿbí na ọwọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Ojú ìyá ọmọ ló ń wò.

Fadékẹ́mi ti dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbìyànjú láti pọn ọmọ. Kò sí ọ̀já. Gèlè kò sí lórí rẹ̀, ọmọ sì ń yọ̀ sílẹ̀. Ìyá Peculiar tú àmùrè ìdí sùtánà rẹ̀, aṣọ funfun gígùn kan. Ó nà án jáde. Ó dúró níbi tó wà, kò tó bẹ́ẹ̀ láti súnmọ́ wọn.

Fadékẹ́mi wò ó. Ó wo aṣọ náà. Ó wo ojú arúgbó náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá yíjú kúrò, ó kẹ̀yìn sí i pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ bá mi dì í, Mà," ló wí. "Kó má le jù. Àyà rẹ̀."